Àkọ́sórí Kì í Ṣe Gírámà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí yóò dùn mọ́ gbogbo olùkọ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe èyí tí a tún lè máa pa mọ́ra. A ti dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, nítorí pé àwa pẹ̀lú wà nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí a bẹ̀ wò láìpẹ́ yìí ti tú ìjánu kúrò lẹ́nu wa.

Nígbà tí a wọlé, àwọn ọmọ tí ó tó ogójì dìde dúró, wọ́n kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, olùkọ́ wọn sì ní kí wọ́n fi hàn wá bí wọ́n ti mọ gírámà èdè Gẹ̀ẹ́sì tó. Lójú kan náà ni wọ́n gbóhùn sókè bí ẹni ń ké ewì: "A noun is the name of any person, animal, place or thing. A verb is a doing word," títí wọ́n fi ka oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣì í pè. Inú olùkọ́ dùn. Inú tiwa pẹ̀lú fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. Lẹ́yìn èyí ni a ní kí ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wa pé, "Ilé náà tóbi." Ọmọ náà dáhùn láìlọ́ra pé, "The house big." Olùkọ́ fò dìde. "Where is the verb?" ni ó fi ìbínú bi í. Ọmọ náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Big, sir." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, pàṣán sì ti sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó rí àyè bẹ̀bẹ̀ fún un.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ìdáhùn yìí, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí a gbọ́ ní kíláàsì náà ní ọjọ́ náà, òun nìkan ni ó ní èrò nínú. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni "tóbi." À ń wí pé "Ilé náà tóbi" gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé "Ilé náà wó", à ń wí pé kò tóbi, ó ti tóbi jù, yóò tóbi, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé kò wó, ó ti wó, yóò wó. Ohun tí "wó" gbà ni "tóbi" gbà. Bí a bá sì ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò dúró ti orúkọ láti pọ́n ọn, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à ń mú: "ilé ńlá." Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò wí pé "Ilé náà ńlá" kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni "kéré" àti "kékeré" rí. Èdè wa yan ọ̀rọ̀ méjì fún iṣẹ́ méjì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ìdí iṣẹ́ méjèèjì: "a big house" àti "The house is big." Ṣùgbọ́n nítorí pé "big" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ wọn, tí odidi gbólóhùn wọn kò sì lè dúró láìní ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n ní láti pe "is" kí ó wá ru ẹrù náà. "Is" yìí kò ṣe iṣẹ́ kankan tí ojú lè rí. Ohun tí ó wà fún ni láti so olùwà pọ̀ mọ́ ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀, àti láti fi àkókò hàn: "is" fún ìsinsìnyí, "was" fún àná.

Ǹjẹ́ ta ni ó sọ èyí fún ọmọ náà rí? Wọ́n sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe nǹkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí ni "is" ń ṣe? Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀-ìṣe, ó wo inú èdè tí ó mọ̀, ó sì mú èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀ wá. Ọmọ náà mọ gírámà. Gírámà ti ìyá rẹ̀ ni. Olùkọ́ tí ó nà án ni kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a tú àwọn àkọ́sórí náà wò. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣe nǹkan, kí ni a ó ha pe "arrival" nínú "The arrival of the bishop pleased us"? Dídé jẹ́ ohun tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ ni "arrival." Àti "know," àti "belong," kí ni wọ́n ń ṣe? Ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni "arrival" kò mọ̀ ọ́n nípa ìtumọ̀ rẹ̀; ó mọ̀ ọ́n nítorí pé "the" ṣáájú rẹ̀, "of" tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ohun tí ó rọ̀ mọ́ wọn sì jókòó sí ipò olùwà. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí àti ẹgbẹ́ tí ó ń bá rìn ni à ń wò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún mú ọ̀rọ̀ kékeré nì, "fast," tí gbogbo ìjọ ń gbọ́ ní àkókò Lẹ́ńtì. "We fast in Lent": ọ̀rọ̀-ìṣe ni. "The fast begins on Wednesday": ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ. "A fast horse": ó di ọ̀rọ̀-àpèjúwe, àwẹ̀ sì ti kúrò níbẹ̀ pátápátá, eré ni ó kù. "The horse runs fast": ó tún di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà ni, kò sí èyí tí ó yí padà nínú wọn. Olùkọ́ tí ó bá bi ọmọ léèrè pé, "Irú ọ̀rọ̀ wo ni fast?" tí kò sì fún un ní gbólóhùn tí ó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ni ó bi í, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé pàṣán.

Ní ọdún kan, a dán nǹkan wò láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ fún iṣẹ́ olùkọ́. A kọ gbólóhùn yìí sí ara pátákó: "The dack pobbed the limmers." Kò sí ohun tí ń jẹ́ dack, bẹ́ẹ̀ ni kò sí limmer, àwa ni a hun ún. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé a fẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi wọ́n pé ta ni ó ṣe nǹkan náà, gbogbo wọn ní dack ni. Ṣé ó ń ṣe é lọ́wọ́ ni tàbí ó ti ṣe é tán? Ó ti ṣe é tán. Dack mélòó? Ẹyọ kan. Limmer mélòó? Ó ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ orúkọ àti èyí tí ó jẹ́ ìṣe. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní, "Sà, a jẹ́ pé egungun gbólóhùn ni a rí yìí, láìsí ẹran lára rẹ̀." A kò lè sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni àwọn aláṣẹ sọ pé ó jẹ́." Àwọn aláṣẹ wo? Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa ni a ti rí mẹ́jọ yìí nínú ìwé kékeré tí a ń pè ní ti Dionysius Thrax, nípa èdè Gíríìkì. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì, ṣùgbọ́n èdè wọn, Látìnì, kò ní ọ̀rọ̀ kankan tí ó dà bí "the." Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìyanu, irú "Yéè!" àti "Págà!", dí àlàfo náà, iye wọn sì tún pé mẹ́jọ. Mẹ́jọ yìí náà ni Priscian fi kọ́ni ní Kọnsitantinópù ní nǹkan bí ọdún 500, ìwé rẹ̀ sì di bàbá fún àwọn ìwé gírámà tí ó tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Yúróòpù. Nígbà tí William Bullokar tẹ ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ jáde ní 1586, inú àwo Látìnì ni ó da èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ sí. Nínú ìwé Robert Lowth, ti 1762, àti ti Lindley Murray, ti 1795, iye náà ti di mẹ́sàn-án, nítorí pé wọ́n ka "a" àti "the" sí ẹ̀yà kan lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ń lu ọmọ nítorí mẹ́jọ, ẹ ṣàkíyèsí.

A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa Lowth yìí, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ wa ni, ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ti lo ọdún mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó tẹ̀ ní 1753, òun ni ó la ojú àwọn ará Yúróòpù sí i pé ewì àwọn Hébérù ní ètò tirẹ̀, pé gbólóhùn kejì a máa dá gbólóhùn kìíní lóhùn, àti pé òṣùwọ̀n Gíríìkì kò yẹ ẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ọkùnrin kan náà dé orí gírámà èdè bàbá rẹ̀, ó kó àṣìṣe Shakespeare jọ, ó kó ti Milton, kò sì dá Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 sí. Ó yà wá lẹ́nu pé ẹni tí ó fún èdè Hébérù ní òmìnira tó bẹ́ẹ̀ lè di onídàájọ́ báyìí nílé ara rẹ̀. A kò bá a wí jù bẹ́ẹ̀ lọ; ó ti sùn, ìwé rẹ̀ sì ṣe àǹfààní nígbà tirẹ̀.

Àwọn onígírámà Gẹ̀ẹ́sì ti òde òní kò dúró síbẹ̀ mọ́. Rodney Huddleston àti Geoffrey Pullum, nínú ìwé ńlá tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge tẹ̀ jáde ní 2002, kó "the," "this," "every" àti irú wọn jọ sí ẹ̀yà kan lọ́tọ̀, nítorí pé ipò kan náà ni wọ́n ń jókòó sí níwájú orúkọ. Ìhùwàsí ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn ni wọ́n fi ń pín in. Àwọn tí ó ni èdè ti sún síwájú. Àwa tí a yá a lò ni a di ẹ̀wù àgbélẹ̀gbin mú.

Ohun tí ó sì dùn wá jù ni èyí: àwọ̀ Látìnì tí a fi bo gírámà Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i pé èdè náà súnmọ́ tiwa ní ibi pàtàkì kan. Nínú Látìnì, bí a bá wí pé "Canis puerum fugat" tàbí "Puerum fugat canis," ajá ni ó lé ọmọ, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ ni ó ń fi ẹni tí ó lé àti ẹni tí a lé hàn. Ẹ wá yí "The dog chased the boy" padà kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹ yí "Ajá lé ọmọ" padà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ipò ni ọba: olùwà síwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe ní àárín, àbọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì ti mọ ètò yìí kí ó tó rí ìwé. Bí olùkọ́ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì sì ń bẹ, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a dúró sí kí a tọ́ka. "Ó fi ọ̀bẹ gé iṣu." Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀, "fi" àti "gé," wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láìsí ìjà. Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni yóò fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, yóò sì gbé iṣẹ́ "fi" fún ọ̀rọ̀-atọ́kùn: "He cut the yam with a knife." Ohun tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lọ́dọ̀ wa di ọ̀rọ̀-atọ́kùn lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí a kò bá sọ èyí fún yóò kọ "He take knife cut yam," a ó sì pè é ní òpè, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nínú ohun tí ìyá rẹ̀ ìbá sọ.

Ẹ wo ìbéèrè pẹ̀lú. Bí a bá fẹ́ sọ "Ó lọ" di ìbéèrè, a ó fi "Ṣé" tàbí "Ǹjẹ́" síwájú rẹ̀, a kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "He went" ni. Inú "went" ni àkókò tí ó ti kọjá wà. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, a ó pe "do" wá sí iwájú olùwà, òun ni yóò sì gba ẹrù àkókò náà kúrò lórí ọ̀rọ̀-ìṣe, tí yóò di "did", ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ yóò padà di "go": "Did he go?" Ẹrù kan ṣoṣo ni, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sì ń rù ú. Ọmọ tí ó bá kọ "Did he went?" ti di ẹrù kan náà lé orí ènìyàn méjì. A ti sọ ọ́ báyìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, wọ́n rẹ́rìn-ín, àṣìṣe náà sì dín kù lọ́wọ́ wọn. Àkọ́sórí kankan kò sọ ọ́ fún wọn rí.

Ti "ó" tí ó dúró fún ọkùnrin, obìnrin àti ẹranko lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yín ni ẹ mọ wàhálà rẹ̀. Ọmọ tí ó sì kọ "My father, they have come" kò ṣi ìṣirò. Ọ̀wọ̀ ni ó ń bù fún bàbá rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀wọ̀ yẹn nínú "they," kí ẹ má sì lù ú nítorí ìwà rere.

A mọ ohun tí àwọn alátakò wa yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá gba Yorùbá láyè ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láé. Nítorí èyí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá ya ẹnu sọ èdè ìyá rẹ̀. A fi Ilé-Ifẹ̀ dá wọn lóhùn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ìdí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún kẹrin. Àbájáde iṣẹ́ náà wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1989 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà. Síbẹ̀síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni wọ́n kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé àwọn ti fagi lé. Àwa kì í ṣe olóṣèlú. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ti lè lé Yorùbá kúrò ní ẹnu olùkọ́, kò lè lé e kúrò ní orí ọmọ; inú orí yẹn sì ni "Big, sir" ti wá.

Ẹ má ṣe rò pé ìwé ni kò sí. Láti 1843 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú àlàyé gírámà jáde, ó sì tún un ṣe ní 1852. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ tirẹ̀ ní 1966, Ọládélé Awóbùluyì ní 1978. Mélòó nínú àwọn tí ń kọ́ni ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ yìí ni ó ti ṣí ọ̀kan nínú wọn rí? A bi olùkọ́ mẹ́fà léèrè nínú oṣù kan. Ẹnìkan ní òun gbọ́ orúkọ Crowther.

Ní ti wa, a jẹ́wọ́. Fún ọdún mọ́kànlá ni a fi pàṣán gba "noun" àti "pronoun" lẹ́nu àwọn ọmọ, bí a ti gbà á lẹ́nu àwa náà, a sì pa á mọ́ bí ohun mímọ́. Olùkọ́ tí a bẹ̀ wò nì kò burú jù wá lọ. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, ó bi wá pẹ̀lú ojútì pé kí ni òun yóò ṣe, nígbà tí ìwé ìlànà ní kí òun parí oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí ìsinmi tó dé. A ní kí ó parí wọn, ṣùgbọ́n kí ó yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ náà, kí ó kọ gbólóhùn Yorùbá márùn-ún sí apá òsì pátákó, kí ó kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sí apá ọ̀tún, kí ó sì máa bi àwọn ọmọ pé ọ̀rọ̀ wo ni ó ru ẹrù ní apá kìíní, èwo ni ó rù ú ní apá kejì. Kí ó ti orí "Ilé náà tóbi" bẹ̀rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀bá fèrèsé nì kọ́kọ́ dáhùn.